Ọgbọ̀n Òkúta fún Irùngbọ̀n Kan

Ẹ̀gbọ́n wa kan ń bẹ ní Agbowó ní Ìbàdàn tí n kò ní í dárúkọ wọn, nítorí pé abẹ mẹ́fà ló wà nínú ilé wọn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì mú. Bí ẹ bá rí wọn lókèèrè, irùngbọ̀n ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ó kún, ó dí, ó ṣú dùdù bí igbó ọba tó wà ní Gàm̀bàrí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde. Eku lè wọ ibẹ̀ kó bímọ, kó sì tọ́ ọ yanjú. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ wọn dáadáa, kí ẹ wo apá òsì wọn. Láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, ẹyọ irun kan ò sí níbẹ̀. Ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á máa káàánú wọn, á rò pé omi gbígbóná ló dà sí wọn lára. Omi gbígbóná kọ́ o. Ibi tí wọ́n ti ń dán abẹ wò ni.

Báyìí ló ṣe máa ń rí. Ní àárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n á gbé àpótí ìjókòó sí fàráńdà, wọ́n á bu omi sínú abọ́, wọ́n á ki òkúta bọ inú omi náà, wọ́n á sì dúró kó mumi yó. Wọ́n á wá tẹ́ abẹ lé òkúta. Ẹ̀yìn abẹ àti ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ fara kan òkúta pọ̀, nítorí bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ báyìí, ẹ ti bẹnu rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á tì í lọ, ẹnu ni yóò ṣíwájú. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún tì í bọ̀. Ṣìì. Ṣìì. Ṣìì. Omi orí òkúta á di eérú, á máa ki díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì jinná. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ wúwo. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ìgbà (mo kà á lọ́jọ́ kan, iná ò sí, n kò ríṣẹ́ ṣe), wọ́n á gbé abẹ sókè, wọ́n á wò ó lójú oòrùn bí ẹni tó ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni, wọ́n á sì fi gba apá òsì kọjá. Irun tó bá ṣèèṣì hù síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ á lọ. Ẹ̀gbọ́n á mi orí.

"Kò tíì dé ibi tí mò ń wá."

Ó di orí òkúta mìíràn. Irun apá kì í sì í yára hù tó bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń pọ́n abẹ, nítorí náà wọ́n ti bọ́ sí ojúgun báyìí. Ọdún kẹta rèé. Abẹ ń mú sí i, apá ń pá sí i, irùngbọ̀n ń gùn sí i.

Ẹ má rò pé orí wọn dàrú. Ó ní ohun tó fà á. Irun àwa ènìyàn dúdú wé. Bí a bá fá a kanlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á yí padà, á gún awọ ara wọlé, ni kókó wẹ́wẹ́ á bá máa yọ lábẹ́ àgbọ̀n. Kókó yìí bá ẹ̀gbọ́n fínra gan-an nígbà tí wọ́n ṣì ń lọ fárùngbọ̀n lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin onígbàjámọ̀ tó wà níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹnìkan ní Bódìjà ló wá fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé klípà ló ń fà á, pé bí wọ́n bá lè padà sí abẹ àwọn bàbá wa, abẹ tí wọ́n fi òkúta pọ́n, kókó á wábi gbà. Ẹ̀gbọ́n gbà á gbọ́. Òótọ́ sì ni, kókó náà ti lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà tó bá mọ̀ nípa awọ ara, yóò sọ fún yín pé kò sóògùn kókó irùngbọ̀n tó dájú tó kéèyàn fi irùngbọ̀n sílẹ̀ kó hù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí abẹ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n gbẹ̀yìn. Àìfárùngbọ̀n ló wò wọ́n sàn, òkúta ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣa òkúta wọ̀nyí gan-an ni kí n mú yín lọ. Bí àwọn èèyàn bá lọ sí Ẹlẹ́yẹlé, ẹja ni wọ́n ń lọ rà. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á wọ odò Ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọdé, wọ́n á máa fọwọ́ táátàá ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́. Wọ́n lọ sí Mọ́kọ́lá. Wọ́n lọ sí Mápó. Wọ́n gun òkè Arẹ̀mọ lọ́sàn-án gangan tàwọn ti òòlù nínú àpò, títí ìyá àgbà kan fi dá wọn dúró, tó bi wọ́n bóyá ìjọba ló rán wọn wá wólé.

Mo bá wọn sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkè tí ẹ ń gùn kiri yẹn, Mápó, Mọ́kọ́lá, Arẹ̀mọ, òkúta kan náà ni. Quartzite ni wọ́n ń pè é. Iyanrìn ni láyé ìgbà kan, ilẹ̀ ló fi ooru àti agbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀ tó fi le báyìí. Wóró inú rẹ̀ ti tóbi jù fún abẹ." Fún àdá, ọkọ́ àti àáké, ó dára púpọ̀. Àdá ń fẹ́ eyín. Ẹ wo ẹnu àdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, ẹ ó rí i pé ó rí gbágungbàgun bí ẹnu ayùn kékeré; ohun tó fi ń gé koríko nìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ tó bá léyín kì í fá irun, ńṣe ló ń tu ú bí ẹni tu adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n wò mí bíi pé mo bú Olúbàdàn.

Wọ́n ní, "Òkúta tó gbé gbọ̀ngàn Mápó dúró láti 1929, òun lo ní kò lè pọ́n abẹ?"

Kí lèèyàn fẹ́ fi dá irú ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn?

Nígbà tí òkúta ilé já wọn kulẹ̀ ni wọ́n bá kọjú sókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níbí: tó bá di ká sọ̀rọ̀ òkúta, ìmọ̀ kún inú ẹ̀gbọ́n. Àwọn ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé òkúta aláwọ̀ ìyeyè kan wà ní Bẹ́ljíọ̀m, lágbègbè ìlú Vielsalm, tí wọ́n ń pè ní coticule, àti pé òkúta iyebíye tó ń jẹ́ garnet ló wà nínú rẹ̀, ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, òun ló ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní òmíràn wà ní Arkansas, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ novaculite, pé nínú èdè Látìnì, novacula ni abẹ ìfárí, èyí ni pé láti orúkọ ni wọ́n ti fi iṣẹ́ lé òkúta náà lọ́wọ́. Wọ́n mọ àwọn òkè tó yí Kyoto ká ní Jàpáàn, níbi tí àwọn tó ń pọ́n idà ti ń wá òkúta tó ń mú idà dán. Wọ́n á kà wọ́n tẹ̀léra bí ọmọ kéwú tó há Kùránì sórí. Ẹ wá bi wọ́n lọ́jọ́ ìbí àwọn ìbejì wọn, wọ́n á ní kí ẹ lọ bi ìyá wọn.

Kérésì kan báyìí, àbúrò wọn ń bọ̀ láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá Ìbejì ti fi okùn wọn ẹsẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ti yan àwọ̀ bàtà, wọ́n tilẹ̀ ti ra gèlè tó máa bá a mu. Àbúrò dé, ẹrù kílò mẹ́tàlélógún ló gbé wá, páálí kékeré kan ló nawọ́ rẹ̀ sí Ìyá Ìbejì. Ó wúwo. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàtà gidi ló ń wúwo báyìí. Wọ́n tú u. Òkúta. Òkè rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹ̀bà tí epo kán sí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹ̀gbọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó mí, wọ́n ń fi ìka ra á lórí bí ẹni ra ọmọ tuntun lórí.

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ ti Agbowó tí òkúta ti ń fọ́ wa lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ránṣẹ́ sí London kí wọ́n kó òkúta wá."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí ni ọmọ ọlọ Ìyá Ìbejì di àwátì. Wọ́n lọ ata rodo tán lórí ọlọ (wọ́n ní bẹ̀ńdà kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ ládùn), wọ́n wọlé lọ gbé ìkòkò, kí wọ́n tó jáde padà, ìyá ọlọ nìkan ló kù nílẹ̀. Ata ṣì wà lára èyí tó lọ. Wọ́n wò yíká, wọ́n bi àwọn ọmọ, wọ́n bi aládùúgbò, wọ́n wá fojú wo ọkọ wọn. Ọkọ wọn wo òkè àjà.

Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn kí n wá ka òkúta, kí ẹlẹ́rìí lè wà. Mo kà á. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí fìríìjì, ó wà nínú báàgì ilé ìwé Táíwò. Ọgbọ̀n ló pé. Ọ̀kan nínú wọn, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e, wọ́n so ó ní okùn mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ní ti Kyoto nìyẹn, pé kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: òkúta Kyoto, ẹyọ kan. Ẹlẹ́rìí wo ló tún kù tó gọ̀ tó báyìí?

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín má rò pé mo ti gbàgbé yín. Ẹ̀yin onígbàjámọ̀ tuntun, ẹ̀yin tí ẹ lẹ àwòrán orí ọgbọ̀n mọ́ ara ògiri, tí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lábẹ́, tó jẹ́ pé nọ́ńbà yòówù kí èèyàn mú, orí kan náà lẹ máa gẹ̀. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú yín, mo ní, "Àbúrò, ṣé o ní òkúta?" Ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ṣẹ̀ yín?" Mo ní òkúta ìpọ́nbẹ ni mò ń sọ. Ó ronú, ó sì fún mi ní ègé sànpépà. Ohun tó fi ń ra klípà nìyẹn bó bá ti kọ̀ tí kò gé mọ́. Kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, oníbàárà tó wà lórí àga sì di onírun apá kan.

N kò dá wọn lẹ́bi tán. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkúta ti kú tipẹ́. Amẹ́ríkà ni, King ni orúkọ rẹ̀, kì í ṣe oyè, King Gillette. Ní 1903 tó kọ́kọ́ gbé ọjà rẹ̀ síta, ohun ìfárùngbọ̀n 51 péré ló tà, àti bíléèdì 168. Lọ́dún kejì, ohun ìfárùngbọ̀n tó tà lé ní 90,000. Abẹ fẹ́lẹ́ tí èèyàn ń lò tó ń sọ nù, tí kò fẹ́ òkúta, tí kò fẹ́ awọ, tí kò fẹ́ ọgbọ́n. Nígbà tó sì di pé wọ́n ń kéde éèdì káàkiri, tí wọ́n ní orí kan, abẹ tuntun kan, òkúta ìpọ́nbẹ bá ìdí ilé lọ. Ìkéde yẹn tọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí àṣà fi abẹ tó fá orí ẹlòmíràn fá tiyín. Abẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹ̀gbọ́n ní, àwọn nìkan ló ń lò wọ́n. Kí n má purọ́, àwọn náà ò lò wọ́n.

Àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kún Agbowó! Ọ̀bẹ kan ni yàrá mẹ́jọ ń lò, orí àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì lándílọ́ọ̀dù sì ni ẹ ti ń pọ́n ọn, títí àtẹ̀gùn fi tẹ̀ ní àárín bí gàárì ẹṣin. Síbẹ̀, nínú yín náà ni mo ti rí ọmọbìnrin kan tó dojú àwo tánńganran délẹ̀, tó fi ọ̀bẹ ra ìdí àwo náà, òrùka ìdí rẹ̀ tí wọn kò fi nǹkan dídán kùn, ìgbà mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì, ó sì gé tòmátò rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo sáré lọ ròyìn fún ẹ̀gbọ́n. Inú bí wọn. Wọ́n ní a kì í fi àwo oúnjẹ pọ́n abẹ.

Ìgbèjà tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti Ihò Eléérú. Ihò àpáta kan ni nítòsí Ìsàrun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw, láti Yunifásítì Ìbàdàn tó wà ní òdìkejì títì wa yìí náà, ló lọ wú ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1965. Wọ́n bá egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún níbẹ̀. Nínú ilẹ̀ òkè rẹ̀, tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n bá àáké òkúta, òkúta tí wọ́n fi òkúta pọ́n títí tó fi lẹ́nu. Irú rẹ̀ làwọn àgbẹ̀ wa máa ń wú jáde lóko tí wọ́n ń pè ní edùn àrá, tí wọ́n ń gbé lọ sójúbọ Ṣàngó. "Ṣé o rí i?" ni ẹ̀gbọ́n máa ń wí. "Kí irin tó dé la ti ń pọ́n nǹkan nílẹ̀ yìí." Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ihò Eléérú pọ́n àáké tán, wọ́n sì gégi. Kò sí ibi tí Shaw ti rí ẹni tó kú ti òkúta tó ṣì ń sọ pé kò tíì dé ibi tí òun ń wá.

Ó ku ohun tójú tèmi rí. Òde ìgbéyàwó ń bẹ ní Challenge ní Sátidé kan, mo ti wọ aṣọ ẹbí, mo kọjá lẹ́nu fàráńdà ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní abẹ ti dé ibẹ̀ wàyí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa fi ṣí i ló kù. Mo ní tiyín ńkọ́? Wọ́n ní onígbàjámọ̀ kì í fá ara rẹ̀. Ojú àgbà tì mí láti kọ̀, mo jókòó. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú ra mí lẹ́rẹ̀kẹ́ títí ó fi hó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Kí n sọ òótọ́ kí Ọlọ́run lè dárí jì mí: n kò mọ ìgbà tí abẹ yẹn kọjá. Ó dà bí ìgbà tí ìyẹ́ adìyẹ bá fara kan èèyàn. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọrọ àforíjì gbogbo àwàdà tí mo ti ṣe.

Ẹ̀gbọ́n bá dáwọ́ dúró lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n gbé abẹ sétí.

"Ó ti ń kú."

Wọ́n wọlé, wọ́n gbé òkúta kẹrìnlá jáde. Lẹ́yìn náà ẹ̀kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà èyí tó ti Peckham wá. Mo jókòó, ọṣẹ gbẹ mọ́ mi lápá òsì, aago mẹ́wàá di méjìlá. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ wo oòrùn, mo dìde, mo fi irùngbọ̀n apá kan lọ sóde. Onímáíkírà tó gbé mi wò mí nínú dígí títí a fi dé Sáńgo, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ló tán lọ́nà?" Níbi ìnáwó, bàbá àgbàlagbà kan láti Ọ̀yọ́ na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ìlàrí ta ni ìwọ?" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin láyé ọjọ́un, ìdajì orí ni wọ́n máa ń fá, wọ́n á sì dá ìdajì sí. Orí ni tiwọn o. Ààfin sì ló rán wọn níṣẹ́.

Mo fi ìbínú ọjọ́ náà fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, a di ọ̀nà Ojóò, níbi tí bàbá Hausa kan máa ń jókòó sí lábẹ́ agboòrùn, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní wanzami, tó ń fárí, tó ń kọlà, tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀. Àpò awọ tí wọ́n ń pè ní zabira wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Ẹ̀gbọ́n mú abẹ tiwọn jáde, wọ́n ní kí bàbá bá wọn pọ́n ọn. Bàbá fa òkúta kan yọ nínú zabira. Ẹyọ kan. Ó dúdú, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú. Wọ́n ta omi sí i, bí ìgbà mẹ́wàá lọ, mẹ́wàá bọ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi abẹ gbá a, pàá, pàá, pàá, bí ẹni ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lu eṣinṣin. Ó tán. Wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dán an wò. Wọ́n ká ọwọ́ òsì aṣọ sókè: kò sí irun. Wọ́n ká ṣòkòtò: ojúgun dán. Wọ́n wo apá tèmi, mo ti kó o sẹ́yìn. Bàbá ní, "Àbí ẹ ò rí irùngbọ̀n yín ni?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ̀gbọ́n gbé abẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, irùngbọ̀n ọdún mẹ́ta bọ́ sí wọn láyà bí ìdì òwú dúdú. Títì ti la igbó ọba já. Wọ́n béèrè iye tí bàbá máa ta òkúta náà. Bàbá ní bàbá tó bí àwọn ló fún àwọn, wọ́n sì fi kún un pé, "Òkúta yín ti pọ̀ jù. Abẹ ò mọ èyí tó máa gbọ́ tirẹ̀."

Ẹ rò pé ẹ̀gbọ́n á jókòó níbẹ̀ kí wọ́n fá ìyókù? Rárá. Wọ́n ti rí òkúta dúdú tí ìlò ti jẹ wọnú, ọkàn wọn ti fò lọ sílé. Wọ́n ní àwọn náà ní irú rẹ̀. Bí a ṣe délé, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Mo gbọ́ ìró ìwé ìròyìn tó ń ya. Mo gbọ́ omi. Ṣìì, ṣìì, ṣìì. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e, n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ ní Orógùn. Ẹ̀gbọ́n jáde tàwọn ti táwẹ́lì lójú, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń fò sílẹ̀, wọ́n ń pariwo, "Ata! Ata! Ata!"

Ìyá Ìbejì jáde láti ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Ata wo nìyẹn, Bàbá Ìbejì? Ata wo ló dé ilé ìwẹ̀?" Wọ́n wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé òkúta Kyoto nílẹ̀. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

Ọmọ ọlọ ti padà sórí ọlọ. Òkúta ẹ̀gbọ́n ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ọ̀tún wú, ti òsì ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀yin ará Agbowó, Bódìjà àti Orógùn, bí òkúta tí ẹ fi ń dá ilẹ̀kùn dúró bá sọnù, tàbí èyí tí ẹ fi tẹ ìdérí ìkòkò, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ máa bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ béèrè ilé bàbá onírùngbọ̀n apá kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání, èmi ò kà mọ́.